Orí Kẹjọ: Àwọn Tó Bá Ikú Délé

Adẹ́mu kan jábọ́ lórí ọ̀pẹ, ó kú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn nínú The Palm-Wine Drinkard, ìwé tí Amos Tutuola kọ, tí ilé ìtẹ̀wé Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Tutuola, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ló sì ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba kan l'Ékòó láyé ìgbà náà. Ẹni tó ni adẹ́mu yìí kò gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó kó gbogbo oògùn tó ní, ó kó ti bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, ó gbéra, ó ní òun ń lọ wá òkú òun níbi yòówù kí àwọn òkú máa gbé.

Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Tomi Adeyemi, ọ̀dọ́bìnrin tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà, gbé ìwé tirẹ̀ jáde. Children of Blood and Bone ni àkọlé rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ló sì kọ ọ́ fún. Nínú ìwé yìí, wọ́n so ìyá ọmọbìnrin kan rọ̀ lójú ọmọ náà. Ọmọ náà dàgbà tán, ó wá di ẹni tó lè pe ẹ̀mí òkú jáde láti inú ilẹ̀.

Ẹni tó bá sáré ka ìwé méjèèjì yìí yóò ní ìwé oògùn àti iwin ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí lójú, àmọ́ ọ̀fọ̀ ló wà nídìí wọn. Ẹnì kan kú, ẹni tó ṣẹ́kù kò gbà fún ikú, ó sì dìde láti bá ikú fà á. Ohun tí a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fojú sí nínú orí yìí ni pé òkú tí wọ́n ń sunkún rẹ̀ kò padà wálé nínú èyíkéyìí nínú ìwé méjèèjì. Iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé wà nínú ohun tó fi lé ọlọ́fọ̀ lọ́wọ́ dípò òkú, àti iye tó jẹ́ kó san kó tó rí i gbà.

Ọ̀fọ̀ nílé wa

Àkókó ni púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ó lo ìwé yìí ti wá, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gba Ìkàrẹ́ kọjá lópin ọ̀sẹ̀, tó gba Àkùngbá, tó sì gun òkè dé Ọ̀kà, ó ṣòro kó má rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe òkú àgbà. Wọ́n á ti ta kánópì, àwọn ọmọ olóògbé á ti wọ aṣọ ẹbí, ìlù á máa dún, oúnjẹ á máa lọ, àwọn àlejò á máa ṣàdúrà pé kí ẹ̀yìn baba ó dára. Ẹni tó lọ gbó, ó tọ́, ó fi ọmọ sáyé. Bí wọ́n bá bí ọmọkùnrin sílé náà láìpẹ́ sígbà yẹn, Babátúndé lorúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyá àgbà ló lọ, tí wọ́n sì bí obìnrin, Yétúndé tàbí Ìyábọ̀ ni. Ìdílé ti rí nǹkan dì mú.

Òkú ọ̀fọ̀ yàtọ̀. Wọn kì í lùlù sí i, wọn kì í paṣọ sí i, òbí kì í sì í mọ ojú oórì ọmọ. Kíá ni wọ́n ń sin ín, tí wọ́n á sì máa bẹ ìyá rẹ̀ pé kó mójú kúrò, kó wo ti àwọn tó kù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan sọ ìjánu nù ní Àkùngbá, ó sì pa nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin. Irú ọ̀fọ̀ yìí ló wọ ilé àwọn òbí wọn. Kò sí orúkọ àbísọ tó lè tu irú ilé bẹ́ẹ̀ nínú. Àṣà wa lọ́rọ̀ púpọ̀ láti sọ nípa ikú àgbà, àmọ́ bó bá kan ikú ọ̀dọ́, ẹnu máa ń wọ́hò. Mo gbà pé ibi tí ẹnu ti wọ́hò yìí gan-an ni ìtàn kàyéèfì ti rí àyè wọlé.

Ẹ wo ìtàn àkúdàáyà. Kò sí ìlú Yorùbá tí wọn kò ti máa ń sọ ọ́, ó sì ba irú ìlú bí Ìkàrẹ́ mu gan-an, níbi tí oníṣòwò ti ń ti ọ̀nà Kogí, Ẹ̀dó àti Èkìtì wọ ọjà. Ọ̀dọ́ kan kú nílùú rẹ̀, wọ́n sin ín. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ará ilé rẹ̀ kan bá òwò lọ sí ìlú òkèèrè, ó sì rí olóògbé náà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń tajà, ó ti níyàwó, ó ti bímọ. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Kí ará ilé tó pariwo, ẹni náà ti pòórá, kò sì sí ẹni tó tún gbúròó rẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Àwọn èwe máa ń ka ìtàn yìí sí ìtàn ẹ̀rù. Ẹ tún un gbọ́ látẹnu ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú ní ogún ọdún: ohun tí ìtàn náà ń sọ ni pé ọmọ náà rí ọjọ́ orí rẹ̀ lò níbì kan, ó gbéyàwó, ó rí iṣẹ́ ṣe. Àmọ́ bí ẹ bá wá a dé ibẹ̀ láti mú un bọ̀, ẹ ó tún pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Òfin kan náà wà nídìí egúngún. Ará ọ̀run jáde, ó jó, ó súre fún àwọn àgàn àti àwọn aboyún, ó gba ẹ̀bùn, ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí àkókò bá tó, ó padà sí igbàlẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò ṣí aṣọ lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ní kó sùn sílé. Òkú lè bẹ alààyè wò, kò lè bá a gbé. Ẹ mú òfin yìí dání bí a ti ń wọ inú ìwé Tutuola lọ, nítorí pé òun gan-an ni adẹ́mu yóò sọ fún ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pàdé.

Ọ̀mùtí àti adẹ́mu rẹ̀

Láti ìgbà tí ọ̀mùtí tó ń sọ ìtàn náà ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá ló ti ń mu ẹmu, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Bàbá rẹ̀ lówó lọ́wọ́, ó sì gbà fún un bẹ́ẹ̀. Ó fún un ní oko tó ní 560,000 igi ọ̀pẹ, ó sì gba adẹ́mu kan fún un tí yóò máa dá agbè ẹmu 150 láàárọ̀ àti 75 ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rẹ́ kún ilé rẹ̀. Ọdún 15 ni nǹkan fi ń lọ báyìí, bàbá rẹ̀ wá kú lójijì. Ní oṣù kẹfà lẹ́yìn ikú bàbá, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, adẹ́mu lọ sóko, kò bọ̀. Ẹni tó bá ti rí adẹ́mu lókè ọ̀pẹ rí, tó fẹ̀yìn ti igbà, tí kèrègbè ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mọ̀ pé ìdè kan ṣoṣo ló wà láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀. Ìdí ọ̀pẹ ni ọ̀gá rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ méjì ti rí òkú rẹ̀. Kí ó tó ṣe ohunkóhun, ọ̀gá náà gun ọ̀pẹ mìíràn tó wà nítòsí, ó dá ẹmu, ó mu ún yó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ, wọ́n sin ín síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rẹ́rìn-ín níbí yìí. Ẹ má kánjú. Ẹ wo bí òǹkọ̀wé ṣe pín ọ̀rọ̀ rẹ̀: ikú bàbá kò gbà ju gbólóhùn kan lọ, asọ̀tàn kò sunkún, kò sọ nípa ìsìnkú rẹ̀. Ikú adẹ́mu ló gba gbogbo ìyókù ìwé. Ta ló sì gba adẹ́mu fún un? Bàbá ni. Oko ọ̀pẹ, ẹmu àárọ̀, ẹmu ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ bàbá ni gbogbo rẹ̀ ti wá, adẹ́mu sì ni ẹni ìkẹyìn tó ṣì ń gbé ìkẹ́ bàbá náà wá sílé lójoojúmọ́. Nígbà tó jábọ́, bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kú tán ni. Bí mo ṣe ka ìwé náà nìyẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ sì tú ká nígbà tí ẹmu tán, ó wá ku òun nìkan nínú ilé.

Ìrìn àjò bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà kan ní òun yóò fi ibi tí adẹ́mu wà hàn án, bó bá lè mú Ikú wá fún òun. Kò mọ ọ̀nà ilé Ikú, ó sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò fi hàn án bó bá béèrè. Nítorí náà ó lọ dùbúlẹ̀ sí oríta lọ́jọ́ ọjà, ó na orí sí ọ̀nà kan, ó na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sí àwọn ọ̀nà tó kù, ó ṣe bí ẹni tó sùn. Àwọn ọlọ́jà tó ń bọ̀ rí i, wọ́n káàánú ìyá tó bí i, pé ọ̀nà ilé Ikú ni ọmọ yìí gbórí lé. Ó dìde, ó gba ọ̀nà náà lọ.

Níbo ló ti bá Ikú? Oko iṣu ni Ikú wà. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ Ọ̀kà tí wọ́n mọ bí ebè àti òpó iṣu ṣe rí yóò rí ibi yìí yékéyéké. Ikú fẹ́ mú àlejò rẹ̀, àmọ́ àlejò náà pàṣẹ kí okùn iṣu so Ikú mọ́ oko rẹ̀, kí àwọn òpó iṣu sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà án. Nígbà tí wọ́n wá làjà, Ikú mú un wọlé. Egungun èèyàn ni Ikú fi ń dáná, egungun ni àga, egungun ni bẹ́ẹ̀dì tó ní kí àlejò sùn lé. Àlejò kò sùn lórí rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ló wọ̀. Ní ọ̀gànjọ́, Ikú wọlé pẹ̀lú kùmọ̀, ó lu bẹ́ẹ̀dì náà lálùbolẹ̀, ó sì padà lọ sùn pẹ̀lú ìdánilójú pé òun ti pa á. Nígbà tó yá, ọ̀mùtí fi àwọ̀n mú Ikú, ó gbé e lọ fún àgbàlagbà náà. Gbogbo ìlú sá. Ikú já àwọ̀n, ó jáde, Tutuola sì sọ pé láti ọjọ́ yẹn ni Ikú kò ti ní ojúkò kan mọ́, tó ń rìn káàkiri ayé.

Ẹ dúró níbí yìí. Nínú ìtàn akọni, ẹni tó mú Ikú nígbèkùn ló borí. Nínú ìtàn yìí, mímú tó mú Ikú ló dá Ikú sílẹ̀ sáàárín wa. Kí ó tó dé ibẹ̀, Ikú jẹ́ àgbẹ̀ tó ní ilé tirẹ̀. Àìgbà ẹnì kan fún ọ̀fọ̀ tirẹ̀ ló mú ọ̀fọ̀ wọ ilé gbogbo èèyàn. N kò mọ ìwé mìíràn nílẹ̀ wa tó fi ìgboyà sọ irú ọ̀rọ̀ líle bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, tó sì tún ń fẹ́ràn ẹni náà títí ìtàn fi parí.

Ibì kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀mùtí àti ìyàwó tó fẹ́ lójú ọ̀nà dé ìdí igi funfun ńlá kan, níbi tí abiyamọ kan ti ń tọ́jú àwọn tí ìyà ti jẹ. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ta ikú wọn fún ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà ní £70:18:6, wọ́n sì yá ẹlòmíràn ní ẹ̀rù wọn, kó máa san £3:10:0 lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n ń jáde, wọ́n gba ẹ̀rù padà, nítorí pé yíyá ni wọ́n yá a. Ikú kò ṣe é gbà mọ́, torí títà ni wọ́n tà á. Láti ibẹ̀ lọ, wọn kò lè kú, àmọ́ ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n. Ẹni tó bá ti sin èèyàn rẹ̀ rí yóò mọ irú ipò bẹ́ẹ̀: ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ẹni tó ṣẹ́kù kò kú, jìnnìjìnnì kò sì fi í sílẹ̀. Ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ni Tutuola, ó sì fi ọ̀rọ̀ tó ju owó lọ sínú ìwé ìṣirò.

Wọ́n dé Ìlú Òkú níkẹyìn. Ẹ̀yìn ni àwọn ará ibẹ̀ ń fi rìn, inú sì bí wọn sí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń rìn síwájú. Adẹ́mu jáde wá. Ó rọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ọdún méjì ni òun fi kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ òkú kí òun tó yege. Ó dá ẹmu fún un. Nígbà tí ọ̀gá ní kó jẹ́ kí àwọn máa lọ sílé, ó dá a lóhùn pé òkú kò lè bá alààyè gbé. Ó fún un ní ẹyin kan tí yóò máa pèsè ohunkóhun tó bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń bọ̀, nǹkan bí 400 ọmọ ọwọ́ tó ti kú ni wọ́n pàdé, wọ́n ń kọrin arò lọ sí Ìlú Òkú. Àwọn ọmọ náà na igi bò wọ́n, wọ́n lù wọ́n wọ inú igbó. Tutuola kò ṣàlàyé kankan. Ní ayé tí ilé púpọ̀ ti máa ń sin ọmọ kan tàbí méjì, ta ló nílò àlàyé? Ìbínú àwọn tí kò rí ayé lò ni, wọ́n sì gbé e lé àwọn tó ń rìn lọ sílé láàyè.

Wọ́n délé, wọ́n bá ìyàn. Ẹyin bọ́ gbogbo ìlú títí wọ́n fi fọ́ ọ nínú ìrọ́kẹ̀kẹ̀. Ẹni tí kò bìkítà fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀ àfi agbè ẹmu rẹ̀ ti wá di ẹni tí ìlú ń wojú rẹ̀ kí wọ́n tó jẹun. Ohun tó gbà dípò òkú nìyẹn, kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn yìí wá sórí ìtàgé lédè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn tí kò ka ìwé òyìnbó sì bá ọ̀mùtí rin ìrìn àjò rẹ̀.

Ìtàn bí èyí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Ìráákì lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọ́n fi ìtàn Gilgamesh sára wàláà amọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Enkidu kú, ọba náà kò jẹ́ kí wọ́n sin ín títí ara òkú fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ó sì rìn dé òpin ayé láti wá ohun tí kò ní jẹ́ kí òun náà kú. Ó rí ewé kan tó ń sọ àgbà dèwe, ejò jí i jẹ níbi tó ti ń wẹ̀. Ọwọ́ òfo ló fi wálé. Ọ̀mùtí tiwa gbé ẹyin bọ̀.

Ọmọ Olókùú

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ Adeyemi. Orílẹ̀-èdè tí ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ń jẹ́ Orïsha, àwọn orúkọ ibẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí wa: Lagos ni ààfin ọba wà, Ilorin jẹ́ abúlé apẹja, Ibadan sì wà lórí òkè olótùútù. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí àwọn òrìṣà fún lágbára, ìdílé mẹ́wàá ni wọ́n, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ọba Saran pa wọ́n lóru ọjọ́ kan, ọdún 11 ṣáájú ìtàn, agbára náà sì kúrò láyé. Ìyá Zélie, ọmọbìnrin tí a sọ níbẹ̀rẹ̀ orí yìí, wà nínú àwọn tó kú. Ọmọ kékeré ni Zélie nígbà náà, ojú rẹ̀ ló sì ṣe.

Zélie nìkan kọ́ ló ń ṣọ̀fọ̀. Amari, ọmọ ọba fúnra rẹ̀, ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ ìránṣẹ́bìnrin láàfin, Binta lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ìwé kíká kan tó lágbára kan Binta lọ́wọ́, ìmọ́lẹ̀ tú jáde lára rẹ̀, ọba sì fi idà pa á lójú ẹsẹ̀. Amari rí i. Ó jí ìwé náà gbé, ó sá lọ. Láti orí ọ̀fọ̀ ọmọ ọba yìí ni gbogbo àhunpọ̀ ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti orí ti Zélie. Ó wù mí bí òǹkọ̀wé ṣe ṣe èyí, nítorí pé ó fi ọmọ ẹni tó pani àti ọmọ ẹni tí wọ́n pa sínú ìrìn kan náà.

Ní òpin ìwé náà, Adeyemi sọ fún òǹkàwé pé ìgbà tí òun ń gbọ́ nínú ìròyìn lemọ́lemọ́ pé ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò gbé ohun ìjà ní Amẹ́ríkà ni òun kọ ọ́, àwọn ọmọdé sì wà nínú àwọn tó dárúkọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí Tutuola wà níbẹ̀. Adẹ́mu jábọ́ lórí igi, kò sí ẹni tó tì í, nítorí náà ọ̀gá rẹ̀ lè lọ bá Ikú fúnra rẹ̀ ní oko iṣu. Ìyá Zélie kò jábọ́ láti ibì kankan. Wọ́n pa á ni, ẹni tó pa á sì ṣì wà lórí ìtẹ́. Ìbéèrè Zélie kì í ṣe pé níbo ni òkú òun wà, bí kò ṣe pé ta ni yóò dá wọn lẹ́kun kí wọ́n má tún pa ẹlòmíràn. Ọ̀fọ̀ tó ní ẹlẹ́bi máa ń di ìbínú, ìbínú sì ló ń ti ìwé náà láti ojú ewé kan sí èkejì.

Ìdílé tí Zélie ti wá ni ti Ikú, Ọya sì ni òrìṣà wọn. Òǹkọ̀wé ti yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà nípa àwọn òrìṣà, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i, nítorí pé ayé tirẹ̀ ló dá. Àmọ́ ibi tó ti so Ọya mọ́ àwọn òkú, àṣà wà lẹ́yìn rẹ̀: nílé wa, Ọya ní ohun púpọ̀ ṣe pẹ̀lú egúngún. Nígbà tí agbára Zélie dé, ọ̀rọ̀ Yorùbá ló fi ń pe àwọn ẹ̀mí. Erùpẹ̀ ilẹ̀ ń dìde, ó ń gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀, ó ń jà fún un, nígbà tó bá sì parí, ó ń padà di erùpẹ̀. Àwọn òkú yìí ń ṣiṣẹ́ fún un, wọn kò bá a gbé. Ẹ ti mọ òfin náà.

Òfin ọ̀hún le jù lọ nígbà tí ìwé ń parí lọ. Wọ́n pa bàbá Zélie náà, ní erékùṣù tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ètùtù tí yóò dá agbára padà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pe òkú wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú bàbá rẹ̀, kò sì lè jí i. Okùn ẹ̀jẹ̀ tó so òun àti bàbá pọ̀ ló fi parí ètùtù náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ó fojú kan ìyá rẹ̀ níbi tí àwọn òkú wà, ó sì fẹ́ dúró síbẹ̀. Kò dúró. Bí ẹ bá fi ibi yìí wé ìgbà tí adẹ́mu ń gbé ẹyin lé ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé òkú ló ń lé alààyè padà sílé nínú méjèèjì.

Ibì kan wà tí mo rò pé ìwé Adeyemi ti kù díẹ̀ káàtó. Ìjà pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnì kan kú, kí ẹ tó fa omijé nù, wọ́n ti gun ẹranko wọn, wọ́n ti ń sá lọ sí ìlú mìíràn. Ọ̀fọ̀ nílò ìjókòó. Lọ́dọ̀ wa, àwọn aládùúgbò á gbé àga wá sí ojúde olóògbé, wọn kò ní sọ ju ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn lọ, wọ́n á kàn jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ojú ewé tó fara jọ ìjókòó yẹn kò tó nǹkan nínú ìwé náà. Àwọn ibi tó dára jù nínú rẹ̀ ni ìgbà díẹ̀ tí Zélie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Tzain bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, tí kò sí idà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ lè máà gbà pẹ̀lú mi, àmọ́ ẹ wá ojú ewé tí ẹ ó fi já mi nírọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ka ìpín àkọ́kọ́ nínú The Palm-Wine Drinkard, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n ti sin adẹ́mu. Kọ àròkọ ojú ewé méjì lórí ohun tí asọ̀tàn kò sọ nípa bàbá rẹ̀. Má ṣe lo ohunkóhun tí kò sí nínú ìwé, kódà bó bá dá ọ lójú.

Lọ bá ẹni àgbà kan nílùú rẹ, ìbáà jẹ́ Ìkàrẹ́, Ọ̀kà, Àrìgìdì, Sùpárè tàbí ibòmíràn ní Àkókó. Kí i bó ti yẹ, jókòó tì í, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kó pa àlọ́ tàbí ìtàn kan fún ọ nípa ẹni tó lọ wá òkú rẹ̀, ní èdè tàbí ẹ̀ka-èdè ìlú náà gan-an. Gbà á sílẹ̀ bó bá fún ọ láyè. Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, lẹ́yìn náà ni kí o wá kọ ọ́ sí Yorùbá àjùmọ̀lò, kí o sì sọ ohun tí ẹni inú ìtàn náà gbé bọ̀ àti iye tó san. Bí ẹni àgbà náà bá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, má ṣe kán an lójú. Kọ ibi tó ti dákẹ́ sínú ìwé rẹ.

Ní kíláàsì, ẹ pín ara yín sí ọ̀nà méjì. Kí ọ̀wọ́ kan gbèjà adẹ́mu tó kọ̀ láti bá ọ̀gá rẹ̀ padà, kí ọ̀wọ́ kejì gbèjà ọ̀gá tó wá a débẹ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí lè yàn láti máà sọ̀rọ̀, kí olùkọ́ má sì ṣe yọ máàkì kankan lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí èyí.